Ta Ni Kí N Gbà Gbọ́? Bí A Ṣe Ń Yẹ Ẹ̀rí Wò Nínú Ìwádìí Ìtàn Ìdílé, láti Ẹ̀pẹ́

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn ń bi mí láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé mo ń kọ ìtàn ìdílé wa ní Ẹ̀pẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan yóò mú ìwé ètò ìsìnkú bàbá àgbà rẹ̀ wá, ìwé náà yóò sọ pé ọdún 1890 ni wọ́n bí bàbá. Àwọn àgbà ilé yóò ní rárá o, ẹ̀yìn ogun Ìmàgbọn, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà, ni wọ́n bí i, ìyẹn lẹ́yìn ọdún 1892. Àfídáfíìtì tí bàbá fúnra rẹ̀ búra sí ní kóòtù yóò tún wí pé 1905 ni. Èwo ni kí n gbà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Èsì mi ni pé kò sí èyí tí ẹ óò gbà kìkì nítorí pé ó jẹ́ ìwé, kò sì sí èyí tí ẹ óò kọ̀ kìkì nítorí pé ẹnu ni ó ti jáde. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé tí a ń gbé gẹ̀gẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ: akọ̀wé jókòó, ẹnì kan ń sọ fún un, ó ń kọ ọ́. Ohun tí ẹ ní láti wádìí ni ẹni tó sọ ọ́, ibi tó wà nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, àti ohun tó ń wá lọ́jọ́ tó ń sọ ọ́. Ẹ̀pẹ́ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù. Ará Ìkòròdú tàbí Àgbádárìgì lè bá a lọ bẹ́ẹ̀, kí ó sáà pààrọ̀ orúkọ àwọn ibi.

Ohun tí ẹ óò ní lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ìwé àjákọ kan ṣoṣo fún ìdílé kan. Ẹ má ṣe kọ nǹkan sórí bébà kéékèèké. Wọ́n máa ń sọnù.
- Fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀, tí bátìrì rẹ̀ kún.
- Àwòrán àtijọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti inú ilé yín.
- Nǹkan díẹ̀ fún àgbà tí ẹ ń lọ bá. A kì í fi ọwọ́ lásán lọ tọrọ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àgbà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ara yín

Ẹ kọ orúkọ yín, ti àwọn òbí yín, ti àwọn òbí àgbà yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti mọ ohun kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ ní òfìfo.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ní Ẹ̀pẹ́ ni pé ènìyàn a bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ó ti gbọ́ láti kékeré pé àwọn baba ńlá òun bá Ọba Kòsọ́kọ́ dé láti Èkó, nítorí náà ọba ni yóò kọ́kọ́ kọ, yóò wá máa fà á bọ̀ wá sísàlẹ̀ títí yóò fi kan ara rẹ̀. Ẹni tó bá fà á bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàì kan ara rẹ̀, yálà ọ̀nà wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Òótọ́ ni pé lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí, wọn kò sì jẹ́ kí ó padà sí Èkó títí di ọdún 1862. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, àwọn tó ti ń gbé ìlú náà tẹ́lẹ̀, ti wà níbẹ̀ kí Èkó Ẹ̀pẹ́, àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ wá, tó dé bá wọn, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ilé rẹ̀ wà lápá Èkó Ẹ̀pẹ́ lónìí ni baba ńlá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi yẹn.

Ìṣirò kékeré kan wà tí mo máa ń ṣe. Ká ní àgbà kan tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 1945 sọ pé bàbá bàbá òun gan-an ló bá Kòsọ́kọ́ dé, tó sì ti tó ọkùnrin nígbà náà. Bí ó bá jẹ́ ọmọ 20 ọdún ní 1851, ọdún 1831 ni wọ́n bí i. Láti 1831 dé 1945 jẹ́ ọdún 114, ìran méjì péré ló sì wà láàárín wọn, ìyẹn ni pé bàbá kọ̀ọ̀kan ti ní láti tó ẹni ọdún 57 kí ó tó bí ọmọ tí à ń wí yìí. Ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó púpọ̀ lè bímọ ní ọdún 57. Kí bàbá àti ọmọ jọ ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ̀léra wọn kò wọ́pọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan, tàbí ẹni méjì pàápàá, ti bọ́ sílẹ̀ láàárín. Àgbà kò purọ́. Orúkọ àwọn tí kò ṣe ohun ńlá kan ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ìran.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ lọ bá àgbà kí ẹ tó lọ sí ọ́fíìsì

Fáìlì ìjọba tó wà ní Ìbàdàn yóò ṣì wà níbẹ̀ ní oṣù tó ń bọ̀. Ìyá ẹni ọdún 90 kò ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

1. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tí wọ́n mọ̀ dáadáa mú yín lọ, kí ẹ kí wọn bó ti yẹ, kí ẹ sì gbàṣẹ kí ẹ tó tẹ fóònù láti gba ohùn.
2. Ẹ fi àwòrán hàn wọ́n dípò kí ẹ máa béèrè orúkọ. Àgbà tó sọ pé òun kò rántí nǹkan kan lè fi ìka lé ojú ẹnì kan nínú àwòrán, kí ó sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko.
3. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Ẹ má wí pé, "Ṣé Ìjẹ̀bú Òde ni wọ́n ti wá?" Ẹ wí pé, "Níbo ni wọ́n sọ pé wọ́n ti wá, mà?"
4. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n: "Ṣé ẹ fojú rí i ni, àbí wọ́n sọ fún yín? Ta ló sọ fún yín?" Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ, òun sì ni àwọn ènìyàn kì í béèrè.
5. Ẹ bá àgbà kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹ bá kó wọn jọ, ẹni tó dàgbà jù ni yóò sọ̀rọ̀, àwọn àbúrò yóò sì máa gbè é, kódà bí wọ́n mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.
6. Ẹ padà lọ ní ọjọ́ mìíràn, kí ẹ gba ọ̀nà mìíràn yọ sí ọ̀rọ̀ kan náà.

*Àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń ṣi olùwádìí lọ́nà*

Bàbá kì í ṣe ẹni tó bíni nìkan. Ẹ̀gbọ́n bàbá ni, àbúrò bàbá ni, ẹni tó tọ́ni dàgbà ni, onílé tí a gbé ilé rẹ̀ dàgbà náà ni. Ẹ máa rọra là á: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé àwọn gan-an ló bí yín, àbí wọ́n tọ́ yín ni?" "Ṣé ọmọ ìyá kan náà ni yín, àbí ọbàkan?" Bí ẹ kò bá là á, ẹ óò so ọmọ mọ́ ẹni tí kò bí i.

Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, kódà bí ọmọ náà ṣì ń rá kòrò lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyàwó wọlé. Eyínfúnjowó, Awẹ́lẹ́wà, Akọ̀wé: orúkọ tí ìyàwó fún un ni yóò máa pè é dé ojú ikú. Mo ní ẹnì kan nínú ìwé mi tó jẹ́ Súlè lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Sulaiman nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, àti Akọ̀wé lẹ́nu àwọn ìyàwó ilé. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi kà wọ́n sí ènìyàn mẹ́ta.

Orúkọ àbísọ náà ń jẹ́rìí. Bí ẹ bá rí Ìdòwú, ìbejì ti wá ṣáájú rẹ̀ nínú ìyá yẹn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ dárúkọ wọn mọ́. Bí ẹ bá rí Babátúndé, ó ṣeé ṣe gidigidi kí bàbá àgbà kan ti kú kí wọ́n tó bí i, ìyẹn sì lè fi ààlà sí ọdún ikú tí ẹ ń wá.

*Oríkì*

Oríkì orílẹ̀ wúlò púpọ̀ láti mọ ibi tí ìran ti ṣẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, àti ohun tó jẹ́ èèwọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi í ka ìran. Nígbà tí wọ́n bá ń kì yín ní "ọmọ lágbájá, ọmọ tàmẹ̀dù", kò túmọ̀ sí pé tàmẹ̀dù ló bí lágbájá. Ọmọ nínú oríkì lè fo ìran márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tí à ń dárúkọ sì lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹni tó ń kì oríkì pẹ̀lú a máa yá ẹsẹ̀ kan láti inú oríkì ìdílé mìíràn bí ó bá dùn ún lẹ́nu.

*Ìdí igi*

Nínú gbogbo ẹ̀rí ẹnu tí mo mọ̀, ìtàn bí wọ́n ṣe pín ogún ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Bí ẹbí bá pín nǹkan ní ìdí igi, iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé ni wọ́n ń kà. Bí wọ́n bá pín in ní orí-ò-jorí, iye ọmọ ni. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín ilẹ̀ bàbá sí ní ìdí igi, tí ìyàwó mẹ́ta péré sì wà nínú ìwé yín, ẹ lọ wá ẹ̀kẹrin. Ìdí tí ẹ̀rí yìí fi wúwo ni pé owó wà níbẹ̀. Kò sí ẹbí tó máa dákẹ́ kí àlejò wá gba ìpín, àwọn tó sì jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn mọ ara wọn.

*Bí a ṣe ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ mọ ọdún*

Àgbà lè má mọ ọdún tí wọ́n bí i, ṣùgbọ́n yóò mọ bí òun ti tó nígbà tí nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹ béèrè ní ọ̀nà yìí: ṣé wọ́n ṣì ń pọ̀n yín ni, àbí ẹ ti ń ru ẹja lọ sọ́jà? Àwọn ọjọ́ tí mo máa ń lò nìyí:

- Oṣù Karùn-ún 1892: ogun Ìmàgbọn. Ẹ̀pẹ́ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, nítorí náà kò parẹ́ lẹ́nu àwọn ará ibí.
- 1918: àjàkálẹ̀ àrùn ọfìnkìn tó pa ènìyàn káàkiri ayé.
- 1939 sí 1945: ogun Hitler.
- 20 oṣù Karùn-ún 1947: ọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn, tí ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án.
- Oṣù Kìíní 1955: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀. Abẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn ni Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì wà nígbà náà, wọ́n sì jẹ nínú rẹ̀.
- 2 oṣù Kẹrin 1972: ọjọ́ tí ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún.
- 1 oṣù Kìíní 1973: náírà dé, pọ́n-ùn kásẹ̀ nílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Àwọn ìwé tó wà nínú ilé

Ẹ wo inú àpótí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn férémù àwòrán. Ẹ ya àwòrán ìwé kọ̀ọ̀kan níwájú àti lẹ́yìn nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ra pẹ̀lú séló, ẹ má sì fi ọ̀rá gbígbóná bò ó. Méjèèjì ló ń ba ìwé àtijọ́ jẹ́.

*Al-Kùránì àti Bíbélì.* Ọ̀pọ̀ ilé ní Ẹ̀pẹ́ jẹ́ ti Mùsùlùmí, ojú ìwé tó gbẹ̀yìn nínú Al-Kùránì bàbá sì ni àwọn àlùfáà máa ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sí, ní èdè Lárúbáwá. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí ọmọ, ẹ̀rí tó dára ni. Ẹ wo bóyá yíǹkì orúkọ kan yàtọ̀ sí ti èkejì: bí gbogbo orúkọ mẹ́jọ bá jẹ́ yíǹkì kan náà àti ọwọ́ kan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọjọ́ kan ni ẹnì kan jókòó tó kọ gbogbo wọn láti inú ìrántí. Ìkìlọ̀ kan wà nípa ọdún Hijira, ìyẹn ọdún tí àwọn Mùsùlùmí ń kà. Ó fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú ju ọdún òyìnbó lọ, tó fi jẹ́ pé ọdún Hijira 33 kò ju ọdún òyìnbó 32 lọ. Mo ti rí ẹni tó fi 622, ọdún òyìnbó tí Hijira bẹ̀rẹ̀, kún 1343, tó sì kọ 1965 fún ìbí bàbá rẹ̀. 1924 sí 1925 ni 1343 bọ́ sí. Irú ìṣirò báyìí lè sọ bàbá di àbúrò ọmọ.

*Ìwé ìrìbọmi.* Ọjọ́ ìrìbọmi ni ó dá lójú níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà ni wọ́n rì bọmi, ọjọ́ orí tó wà níbẹ̀ jẹ́ ohun tí àlùfáà fojú wò.

*Àfídáfíìtì ọjọ́ orí.* Nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa wọ ilé-ẹ̀kọ́, fífi ọwọ́ kọjá lórí kan etí ni ìwọ̀n ọjọ́ orí. Nígbà tí wọ́n wá nílò ìwé fún iṣẹ́, wọ́n lọ búra. Ohun tí àfídáfíìtì fi hàn dájú ni pé ní ọjọ́ báyìí, ẹni báyìí fẹ́ kí ìjọba gbà pé ọdún báyìí ni wọ́n bí òun. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ìjọba kì í fẹ́ dàgbà.

*Ìwé ìsìnkú àti pósítà.* Òdìkejì rẹ̀ nìyí, nítorí pé kò sí òkú tó ń kéré. Ẹni tó ku ọdún mẹ́ta kó pé 90 ti di ẹni ọdún 98 kí ìwé tó jáde ní ilé ìtẹ̀wé. Ẹ gba ọjọ́ ikú àti ọjọ́ ìsìnkú níbẹ̀, ẹ gba orúkọ àwọn ọmọ pẹ̀lú ìṣọ́ra, kí ẹ sì fi ọwọ́ fúyẹ́ mú ọdún ìbí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Àwọn ìwé tó wà níta

1. *Ìwé ìbí.* Òfin tó sọ fífi orúkọ ọmọ sílẹ̀ di dandan káàkiri Nàìjíríà, èyí tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn ń lò, ọdún 1992 ni wọ́n ṣe é. Fún ẹni tí wọ́n bí ní ìgbèríko Ẹ̀pẹ́ ní 1940, ẹ má retí ìwé ìbí.
2. *Ìkànìyàn.* Ẹ má fi àkókò yín ṣòfò. A ka ènìyàn ní 1963, ní 1991 àti ní 2006, ṣùgbọ́n iye ènìyàn ni wọ́n ń gbé jáde fún aráyé, kì í ṣe orúkọ àwọn tó wà nínú ilé.
3. *National Archives ní Ìbàdàn.* Inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni ó wà. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ máa ń yà láti gbọ́ pé Ìbàdàn ni kí àwọn lọ, ṣùgbọ́n 27 oṣù Karùn-ún 1967 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, púpọ̀ nínú ìwé tó ṣáájú ìyẹn sì ti gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ. Àwọn fáìlì Kọmíṣọ́nnà Kọ́lónì, ìyẹn òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè Èkó nígbà náà, tí wọ́n ń pè ní Comcol, wà níbẹ̀. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání àti lẹ́tà tó sọ ohun tí ẹ ń wá, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fáìlì sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀.
4. *Ìwé ìjọ àtijọ́.* Àwọn ará Àgbádárìgì ló láǹfààní jù níbí, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ajíhìnrere Mẹ́tọ́díìsì àti ti CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Áńgílíkà, kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí ní 1842. Púpọ̀ nínú lẹ́tà àti ìwé ìrántí àwọn CMS wà ní Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí baba ńlá rẹ̀ jẹ́ Sàró, ìyẹn àwọn tó padà wálé láti Sierra Leone, lè wo àwọn ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú tí wọ́n sì kó lọ sí Freetown. Ọ̀pọ̀ nínú orúkọ wọn ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ rántí pé akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Bí ẹ bá rí Àjàyí kan níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé Àjàyí tiyín ni.
5. *Ìwé ẹjọ́ ilẹ̀.* Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí.

Kò sí ibi tí ìran ti pọ̀ tó inú fáìlì ẹjọ́ ilẹ̀. Olórí ẹbí yóò dúró níwájú adájọ́, yóò to ìran rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ṣán igbó náà dé orí ara rẹ̀, akọ̀wé kóòtù yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni pé ó fẹ́ jàre. Bí ẹbí kejì bá sọ pé baba ńlá àwọn dé ní ayé ọba kan, tirẹ̀ yóò dé ṣáájú ọba náà.

Ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta pẹ̀lú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ẹ̀rí ọ̀tún àti ti òsì, nítorí pé ohun tí àwọn ọ̀tá méjì bá jọ gbà lágbára púpọ̀. Ẹ ka ibi tí lọ́yà òdìkejì ti ń bi ẹlẹ́rìí léèrè, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń ti bọ́ lẹ́nu. Kí ẹ sì wá ohun tí ẹlẹ́rìí gbà tó lòdì sí àǹfààní ara rẹ̀. Bí olórí ẹbí kan bá gbà níwájú adájọ́ pé bàbá òun ti san ìṣákọ́lẹ̀ rí fún àwọn ẹbí kejì, ọ̀rọ̀ yẹn lè ba ẹjọ́ rẹ̀ jẹ́. Kò ní sọ ọ́ bí kì í bá ṣe òótọ́. Gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kan tó ojú ìwé mẹ́wàá tó fi ń yin baba ńlá rẹ̀.

6. *Àyẹ̀wò DNA.* Ó dára láti mọ̀ bóyá ẹni méjì tó wà láàyè bá ara wọn tan, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò náà bá jẹ́ ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, a sì máa pín nǹkan bí ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún DNA wọn. Kò lè sọ orúkọ baba ńlá yín fún yín. Ìdá tí ilé-iṣẹ́ bá kọ sí "Nàìjíríà" tàbí "Benin àti Togo" jẹ́ ìfojúwò, ó sì máa ń yí padà bí wọ́n bá tún ìṣirò wọn ṣe.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò, kì í ṣe odindi ìwé

Ìwé kan lè wúwo lórí ọ̀rọ̀ kan, kí ó sì fúyẹ́ lórí èkejì. Fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ mú, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí:

- Ta ló sọ ọ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣé ó sì wà níbẹ̀?
- Ọdún mélòó ló ti kọjá kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀?
- Kí ni ẹni tó sọ ọ́ yóò jèrè tàbí pàdánù bí a bá gbà á gbọ́?
- Ṣé ẹ̀rí mìíràn wà tí kò mu láti inú kànga kan náà?

Ìbéèrè kẹrin ló bá mi ní ojú ọ̀nà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo rí ìwé ètò ìsìnkú mẹ́ta nínú ẹbí wa, ọ̀kan láti 1987, ọ̀kan láti 1999, ọ̀kan láti 2011. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pe bàbá tó bí bàbá àgbà mi ní Ṣàdíkù. Mo ní ẹ̀rí mẹ́ta kì í parọ́, mo tẹ̀ ẹ́ sínú igi ìdílé, mo sì kà á sókè ní ìpàdé ẹbí. Kò sí ẹni tó tako mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ kí ìyá àgbà kan tó jẹ́ àbúrò bàbá mi, mo bá wọn nídìí ààrò níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, èéfín bo ojú wọn, wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ìwọ lo ní Ṣàdíkù ló bí bàbá wa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà, ó wà nínú ìwé."

Wọ́n yí ẹja kan padà. "Ṣàdíkù tọ́ ọ ni. Ẹ̀gbọ́n ẹni tó bí i ni. Ẹni tó bí i kú kó tó já lẹ́nu ọmú."

Mo padà sílé, mo to ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣi orúkọ àdúgbò kan kọ bákan náà gẹ́lẹ́, lẹ́tà kan ni wọ́n fò. Àwọn tó ṣe ti 1999 kọ ọ́ láti inú ti 1987, àwọn tó ṣe ti 2011 sì kọ ọ́ láti inú ti 1999. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ni mo ní, tó wọ aṣọ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni mo wá wo ìwé tí wọ́n fi pín ilẹ̀ ẹbí, mo sì rí i pé àwọn ọmọ bàbá àgbà mi kò sí nínú ìdí igi Ṣàdíkù kankan. Ọ̀tọ̀ ni tiwọn.

Báyìí gan-an ni ọ̀pọ̀ igi ìdílé tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe rí. FamilySearch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wúlò, ọ̀fẹ́ sì ni FamilySearch, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí igi mẹ́wàá tó sọ ohun kan náà, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ẹ̀rí bá tako ara wọn

Ẹ jẹ́ ká padà sí bàbá tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ ló kọ 1890 sínú ìwé ìsìnkú, wọn kò sí níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí bàbá ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Bàbá fúnra rẹ̀ ló búra sí 1905, iṣẹ́ ló sì ń wá. Àwọn àgbà tó sọ pé ẹ̀yìn ogun Ìmàgbọn ni, lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ: ìyá náà máa ń sọ pé ẹ̀gbọ́n bàbá ni òun pọ̀n sá wọ inú igbó lọ́jọ́ tí ìbọn ń dún. Ìyá wà níbẹ̀, kò sì jèrè ohunkóhun nínú bó ṣe sọ ọ́. Bí a bá fi ọdún méjì sí mẹ́rin sáàárín ọmọ kan àti èkejì bí wọ́n ti ń ṣe nígbà náà, a óò kọ ìbí bàbá sí nǹkan bí 1893 sí 1897. A kò ní kọ ọdún kan pàtó, nítorí pé a kò ní in.

Ẹ má ṣe dá 1890 àti 1905 pọ̀ kí ẹ sì pín in sí méjì. Ẹ má sì jù wọ́n nù. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, kí ẹ kọ ìdí tí ẹ kò fi mú wọn.

Àwọn orúkọ inú ìwé àtijọ́ náà a máa tako ara wọn, nítorí pé kò sí àmì kankan lórí wọn. Ṣóyẹmí lè jẹ́ Soyemi níbì kan, kí ó sì jẹ́ Shoyemi níbòmíràn; Bùràímọ̀ lè jẹ́ Braimoh, Buraimo tàbí Ibrahim. Ẹ wá gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó sọ pé ẹ kò rí i.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún

Ẹrú àti ìwọ̀fà wà nínú agbo ilé àwọn alágbára ayé ọjọ́un, àwọn ọmọ wọn sì ti di ọmọ ilé tipẹ́tipẹ́. Bí ẹ bá kan irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ ọmọ tí bàbá rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń pè, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tiyín, kí ẹ má sì gbé e dé ìpàdé ẹbí tàbí orí Facebook. Ó lè di ẹjọ́ ilẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bákan náà, ẹ má gbé ọjọ́ ìbí ẹni tó wà láàyè àti orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ síta; àwọn gbájú-ẹ̀ mọ ohun tí wọ́n lè fi í ṣe ní báńkì.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí ẹ óò ṣe kọ ọ́ sílẹ̀

Mo máa ń fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta sàmì sí ohun kọ̀ọ̀kan: "ó dájú" bí ẹ̀rí méjì tí kò mọ ara wọn bá fara mọ́ ọn, "ó ṣeé ṣe" bí ẹ̀rí kan tó dára bá wà, àti "wọ́n ní" bí kò bá ju ìtàn lọ. Àpẹẹrẹ láti inú ìwé mi rèé:

*Bàbá tó bí bàbá àgbà: kì í ṣe Ṣàdíkù (ó dájú). Àbúrò Ṣàdíkù ni (ó ṣeé ṣe). Orúkọ rẹ̀: kò tíì hàn. Ẹ̀rí: àbúrò bàbá mi obìnrin, nídìí ààrò, ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀, ìwé ìpín ilẹ̀ ní ìdí igi, ojú ìwé kejì. Èyí tí mo kọ̀: ìwé ìsìnkú mẹ́ta, nítorí pé ọ̀kan ni wọ́n ti kọ ìyókù.*

Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì, kí ẹ fún olórí ẹbí ní ọ̀kan, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ níwájú gbogbo orúkọ tí kò tíì hàn.